Bátìrì Tó Ń Gba Iná Nígbà Tó Bá Wù Ú

Ajé, 19 Èbìbí

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń kéde ìpapòdà bọ́tìnnì kejì láti òkè lára ṣẹ́ẹ̀tì búlúù mi. Ó já bọ́ sómi láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Ìyá. A wá òkú rẹ̀, a ò rí i. Ó fi ihò kan àti bọ́tìnnì márùn-ún sáyé lọ. Ẹbí ní kí wọ́n má ṣe wá kí àwọn.

Ìyá Mọ̀ríámọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wo àyà mi tó ṣí sílẹ̀.

"Ṣàmù, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Pólì nìyí?"

Mo ní, "Ìyá, ti ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ lẹ pè mí wá ṣe."

Ti bátìrì ni. Ọkọ̀ náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ọkọ Ìyá ló rà á kó tó kú. Igi ni gbogbo ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣí i bíi mọ́tò. Òun nìkan ni ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì tó ń lọ láti èbúté wa sí Abà Òkè-Omi, láti ìgbà tí omi dáàmù ti gbé ọ̀nà àtijọ́ mì. Bátìrì ló ń ṣí ẹ́ńjìnnì, òun ló ń tan iná iwájú, òun ló tún ń gbé pọ́ńpù tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó máa fún bátìrì níná padà. Kò fún un. Bátìrì ń ṣe oore, ó ń kú lọ.

Bọ̀dá Kabir, ọmọ Ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ti dá ọjọ́. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Òkúdù, òun yóò wá fúnra òun. Kí ọkọ̀ náà lọ, kó sì bọ̀, ní àsìkò màgàríbì, kó tan iná, kí pọ́ńpù máa ṣiṣẹ́, kó má sì gbé èrò kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin ní Sábó yóò wá gbé ẹ́ńjìnnì lọ, wọn yóò sì fi igi rẹ̀ dáná. Ìyá ti gbà. Ìyá kì í yẹ àdéhùn, ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Èbìbí

Òjò ṣú, kò rọ̀.

Mo yẹ kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì wò. Ó yè kooro. Ó ti ń pèsè iná kí wọ́n tó bí mi, kò sì béèrè ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo kí i kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń tún iná kọ́ìlì ṣe kí bátìrì tó lè mu ún. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ti jóná tipẹ́. Rìwáyà kan, nínú àwọn tó ń ṣe iná mọ́tò ní Ọ̀yọ́, ló fi ti alùpùpù rọ́pò rẹ̀. Kò rí àyè sí lára ẹ́ńjìnnì, ó wá dè é sábẹ́ àga àárín, nítòsí bátìrì. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà wú mi lórí. Ó fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba abẹ́ àga kọjá, ó fún un pinpin, kò sí ìpẹtà, kò sí wáyà tó já. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa kọ́ afárá.

Mo tú u, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń tún fóònù àti ínfátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Mo so ó pọ̀ lórí tábìlì. Ó ṣiṣẹ́. Mo tú u, mo tún un so. Ó tún ṣiṣẹ́.

Waliyat tó ń dín ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí lo tún ń wò lójú?"

"Mo ń wá ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́."

"Abájọ tí wọ́n fi ń pẹ́ ní Pólì."

Àìkú, 25 Èbìbí

Mo dá rẹ́gúlétọ̀ padà sí ibi tí mo ti bá a. A ṣí ẹ́ńjìnnì ní èbúté. Mítà tí mo fi ń wọn iná ní fólítì méjìlá. Méjìlá ni bátìrì tí ẹnikẹ́ni ò bọ́. Mẹ́rìnlá ni bátìrì tó ń jẹun. A fi ebi gbéra.

Pásítọ̀ Bámgbóṣé ń bá wa lọ, nítorí òun ló ń darí ìsìn ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà lókè omi. Ọlọ́run ò ṣahun nígbà tó ń dá Pásítọ̀. Àga àárín ni àyè rẹ̀ látijọ́, torí Ìyá kì í fi ẹni tó sanra sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Pásítọ̀ jókòó, ó di ojú, ó gbàdúrà fún ọkọ̀, fún ẹ́ńjìnnì, fún "ọmọ wa tó wà nídìí rẹ̀." Mo bojú wo mítà.

Mẹ́rìnlá.

Mo pariwo. Àwọn obìnrin tó wà níwájú dá a lóhùn pé, "Àmín!"

Alfa Israfil, olùkọ́ ilé kéwú tí afẹ́fẹ́ líle lè gbé lọ, wà ní ìdí ọkọ̀. Ó gbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ nù. Ó ní, "Àwa náà máa ń ṣe àdúà nínú ọkọ̀ yìí."

Pásítọ̀ ní, "Alfa, èmi ò sọ nǹkan kan o."

"Mo mọ̀. Mítà ló sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún Ìyá pé iṣẹ́ ti parí. Ó sun àgbàdo méjì fún mi. Ẹyọ àgbàdo ti di igba náírà lọ́jà, ẹ̀bùn ńlá ni.

Ajé, 26 Èbìbí

Iṣẹ́ ò parí. Méjìlá. Ìyá ò gba àgbàdo padà, ojú àánú ló fi wò mí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 29 Èbìbí

Mo lọ ra rẹ́gúlétọ̀ tuntun l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n wò ó dáadáa. Ọ̀gá ọlọ́jà ní ibi tí mo dúró sí yẹn, wọ́n ń rí i láti ibẹ̀.

Mo yà kí Bọ̀dá Kabir. Ó ń ká àǹkárá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú.

"Ṣàmù, ṣé o rò pé irin ni mo fẹ́ tà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rò nǹkan kan."

"Lọ́dún tó kọjá, bátìrì yẹn kú mọ́ màámi lọ́wọ́ láàrin omi. Òjò ń rọ̀, pọ́ńpù ò ṣiṣẹ́, kò síná tí ẹnikẹ́ni fi lè rí wọn. Wọ́n fa okùn ẹ́ńjìnnì títí èjìká wọn fi yẹ̀. Wọ́n wá ń fi abọ́ bu omi dànù pẹ̀lú ọwọ́ kan, títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láti Ọ̀yọ́, ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí? Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun."

Ó ká aṣọ náà tán, ó tún tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Mi ò lè gbọ́ irú ìpè yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá lè tún un ṣe, tún un ṣe. Bí o kò bá lè ṣe é, má tàn mí."

Mo ní mi ò ní tàn án. Nínú mọ́tò tó gbé mi bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo wá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí mo lè fi bo ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù

Ọ̀túnla ni Iléyá. Àgbò ni a gbé lónìí, èèyàn díẹ̀ la fi kún un. Mo ti fi rẹ́gúlétọ̀ tuntun sí ipò, bọ́ọ̀tì kan náà, irin kan náà. Ní èbúté, méjìlá. Orí mi dàrú.

Àgbò Alfa Israfil kọ̀, kò dúró nísàlẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gun orí àga àárín, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ bí olóyè, ó wá ń wo wá. Àgbò náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó fẹ́ bá a jiyàn.

Mẹ́rìnlá.

Alfa yọ orí lé èjìká mi. "Kí ló wí?"

"Mẹ́rìnlá, sà."

"Alhamdulilahi. Ó yẹ kí ẹnì kan fi tó Pásítọ̀ létí."

Nísinsìnyí, Pásítọ̀, àgbò àti rẹ́gúlétọ̀ tuntun ló ń du ògo kan ṣoṣo. Mo dìbò fún rẹ́gúlétọ̀, nítorí èmi ni mo rà á.

Jímọ̀, 6 Òkúdù

Iléyá. Alfa fi apá kan àgbò yẹn ránṣẹ́ sí Ìyá. Mo jẹ ẹ̀rí náà pẹ̀lú ata díndín.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Méjìlá. Mo gba ìbò mi padà lọ́wọ́ rẹ́gúlétọ̀.

Àìkú, 15 Òkúdù

Òjò ti fi ìdí kalẹ̀. Omi ti gòkè dé ẹsẹ̀ igi máńgòrò tó wà ní èbúté, àwọn kùkùté àtijọ́ ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú ò ti lè rí wọn.

Pásítọ̀ mú ìyàwó wọn, Màmá Mojísọ́lá, dání. Ọkọ̀ ṣí, Pásítọ̀ gbàdúrà, mítà lọ sí mẹ́rìnlá, ó padà sí méjìlá, ó tún gòkè, ó tún wálẹ̀, bí ẹni tí ibà ń gbọ̀n.

Alfa ní, "Pásítọ̀, àbí ìgbàgbọ́ ń dínkù ni?"

"Ara ló ń dínkù, Alfa. Dókítà àti obìnrin yìí ti gba iyán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀fọ́ ni mo ń jẹ bí ehoro."

Màmá Mojísọ́lá ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ pásítọ̀ o. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́."

Ìyá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú mítà ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Ohun tí Bọ̀dá Kabir sọ ti ṣojú mi lónìí, ó sì ku díẹ̀ kó bá mi lọ. Láàrin omi, òjò dé lójijì. Ìyá dá ẹ́ńjìnnì dúró kí ìtì igi kan lè léfòó kọjá níwájú wa. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́ padà, a gbọ́ "tẹ́", ó parí. Pọ́ńpù dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sí ọrùn ẹsẹ̀ wa, èrò mọ́kànlá sì ń wo Ìyá.

Mo ní kí n fa okùn. Ó ní, "Jókòó, o ò mọ ibi tó ń dùn ún." Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí ọkọ̀, ó fi èjìká tó dára fa okùn náà. Kò gbà. Ó bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fà á, kò gbà. Ó yíjú sí àwọn èrò, ó ní, "Ẹ máa bu omi dànù, ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rí ẹ̀rù lójú yín." Nígbà tó tún fà á, ó gbà. Ní gbogbo àkókò yẹn, gèlè orí rẹ̀ ò yẹ̀.

Ẹ wò ó, mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó wọ ẹ̀wù oyè rí. Mo ti rí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún. Kò sí èyí tó tó báyìí.

Nígbà tí a dé èbúté, mo ní, "Ìyá, bí a bá jẹ́ kí Bọ̀dá Kabir gbé e lọ ńkọ́? Ẹ ti ṣe tó."

Ó fún ìdí ìró rẹ̀ gbẹ. "Nígbà tí omi gbé ọ̀nà àwọn ará òdìkejì yìí, wọ́n ní afárá ń bọ̀. Ọkọ mi ní kí ó tó dé, òun á máa gbé wọn. Òun ti lọ, afárá ò tíì dé. Ta ni kó lọ sọ fún wọn pé ó ti sú wa? Ìwọ?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Lọ wá ibi tó ń dùn ún."

Àìkú, 22 Òkúdù

Mo jókòó kọjú sí Pásítọ̀, mo gbé mítà lé itan. Mẹ́rìnlá. Láàrin omi, fóònù Pásítọ̀ dún. Níbẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí fún ẹni tó bá jókòó. Pásítọ̀ dìde.

Méjìlá.

"Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ó ti já." Ó jókòó.

Mẹ́rìnlá.

Mo wo mítà, mo wo Pásítọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde."

"Ṣé wọ́n tún pè ni?"

"Rárá sà. Ẹ kàn dìde."

Wọ́n dìde. Méjìlá.

"Ẹ jókòó sà."

Mẹ́rìnlá.

"Ẹ tún dìde sà."

Ohùn Alfa Israfil wá láti ìdí ọkọ̀: "Pásítọ̀, rákáà mélòó lẹ fẹ́ kí?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rín jù wọ́n lọ. Èmi ò ráyè rín. Mo ti dojú bolẹ̀ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ àga àárín. Bí Pásítọ̀ bá jókòó, pákó àga á tẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí rẹ́gúlétọ̀ wà lára rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, á sì fẹnu kan irin tó di bátìrì mú, èyí tí wáyà òdì bátìrì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá dìde, irin méjèèjì á pínyà bí ẹni tí ò mọ ara wọn rí.

Rìwáyà Ọ̀yọ́ ò dẹ́ṣẹ̀. Mọ́tò ló mọ̀. Irin ni gbogbo ara mọ́tò, ibikíbi tí o bá de nǹkan mọ́, iná á rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Ó de rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ bó ṣe ń de ti mọ́tò, igi sì ni ara ọkọ̀. Iná jáde nílé, kò rọ́nà padà, àfi bí èèyàn ńlá bá jókòó lé ọ̀nà náà. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ yìí, mo de tuntun mọ́ bọ́ọ̀tì kan náà, mo sì yin ẹni tó dè é ṣáájú mi.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Pásítọ̀ ní, "Jẹ́ kó yé mi. Kì í ṣe àdúrà mi?"

"Àdúrà wà níbẹ̀ sà. Ìwọ̀n yín ló so wáyà pọ̀."

Pásítọ̀ fọwọ́ lu orúnkún. "Màmá Mojísọ́lá gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Ẹ̀fọ́ tó ń fún mi jẹ ló fẹ́ rì wá!"

Alfa bi mí pé, "Àgbò mi ńkọ́?"

"Òun náà wúwo, sà."

Ó ní, "Àgbò dáadáa ni."

Ajé, 23 Òkúdù

Wáyà dúdú kan, kò gùn ju apá mi lọ, láti ara rẹ́gúlétọ̀ tààrà sí ẹnu òdì bátìrì. Mo ṣí ẹ́ńjìnnì ní èbúté, ọkọ̀ ṣófo. Mẹ́rìnlá. Ìyá wo mítà, ó wo àga àárín tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé, ó ní, "Ìyẹn nìkan?"

Mo ní, "Ìyẹn nìkan, Ìyá."

"Má sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Fi nǹkan kún un."

Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Bọ̀dá Kabir dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Sábó lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Pásítọ̀ àti Alfa dúró lábẹ́ agbòjò kan náà. Pásítọ̀ ní bí ó bá di dandan, òun lè jókòó. Bọ̀dá Kabir ní, "Ẹ ṣeun sà. Àwa mẹ́ta péré."

Ìyá yí kọ́kọ́rọ́, ó gbà. Iná iwájú tàn, pọ́ńpù ń tu omi síta. A lọ, a kan òdìkejì, a yí padà. Nígbà tí a dé àárín omi, níbi tí mo rò pé ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá Kabir ní, "Màámi, ẹ pa á."

Ìyá wò ó.

"Ẹ má pa iná, ẹ má pa pọ́ńpù. Ẹ́ńjìnnì nìkan."

Ìyá pa á. Òjò àti pọ́ńpù nìkan ló ń dún. Ọkọ̀ ń yí jẹ́jẹ́, iná iwájú ń fi ojú omi wá ọ̀nà. Bọ̀dá Kabir di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń wo omi tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ mọ́jú. Ó jẹ́ kó pẹ́. Ó jẹ́ kó pẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mi ò wo mítà. Èjìká Ìyá ni mò ń wò.

"Ó tó. Ẹ ṣí i."

Ìyá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Bọ̀dá Kabir fi ọwọ́ nu ojú. Òjò ni, mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé òjò ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ n wà á délé."

"O ò mọ̀ ọ́n wà. Aṣọ lò ń tà."

"Bàámi kọ́ mi."

Ìyá dìde fún un. Ó wà á wọ inú koríko, a fi ọ̀pá tì í jáde, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ní èbúté, ó lọ bá awakọ̀ Sábó, ó ní kó máa lọ, ọjà ò sí mọ́. Alfa àti Pásítọ̀ ń pariwo lábẹ́ agbòjò bí ẹni pé wọ́n bí ọkọ̀ náà.

Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Mi ò ní sọ ọ́ fún wọn.

Ajé, 30 Òkúdù

Mo bá ìwé yìí lára igi máńgòrò ní èbúté. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

ÌKÉDE FÚN ARÁ ÌLÚ

Inú Ìgbìmọ̀ Abà Òkè-Omi dùn láti sọ pé bátìrì ọkọ̀ wa ti ń gba iná geere. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìbò tí gbogbo abà dì láìsí alátakò, láti ọ̀la lọ, ọkọ̀ náà yóò wà ní dídè mọ́ èbúté láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́, kí àwọn olùgbé lè máa fi iná sí fóònù, rédíò àti tọ́ọ̀ṣì wọn. Pásítọ̀ Bámgbóṣé àti Alfa Israfil ni yóò máa tò yín sórí ìlà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá omi, kí ó lo ọkọ̀ àjẹ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ sinmi.

Nípa àṣẹ.